Àgbàṣe Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Níbo ni Ilẹ̀kùn Onígbèsè Wà?

Nígbà tí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé n óò sọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn, nítorí òun ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yóò wáyé lónìí, ṣùgbọ́n ojú gbèsè ni a ó gbà dé ibẹ̀.

Ìlú Awo ni wọ́n ti bí mi. Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Awo kò jìnnà sí Ẹdẹ, òun sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mo wà nílé ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí ọmọbìnrin kan ní agbolé wa, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ẹdẹ, wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àmì orí àwọn ọ̀rọ̀ yìí.” Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni ó gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìmọ̀ràn nípa ìlera, láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,000 ọ̀rọ̀, tí wọn yóò gbé sínú fóònù fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Owó rẹ̀ jẹ́ 120 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ alárinà tí ó so òun àti oníbàárà pọ̀ yóò yọ ìdá kan nínú márùn-ún, yóò sì ku 96 dọ́là.

Kí ẹ má ṣe fi ojú kéré 96 dọ́là. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àgbà ti Nàìjíríà ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà, dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà lọ́dọ̀ ìjọba ti kọjá 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Owó ọmọ yìí lé ní 140,000 náírà, èyí tí í ṣe owó oṣù méjì fún òṣìṣẹ́ tí ó bá ń gba 70,000 náírà, iye tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún náà. Ìyá rẹ̀ ti kó ẹ̀súsú, ó sì ti gbé owó náà lé e lọ́wọ́ láti fi ra bátìrì tí kọ̀ǹpútà yóò máa lò nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Dídá tí ó kù tí ìyá náà gbọ́dọ̀ máa dá, owó iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń wò.

Ó fi òru mẹ́sàn-án ṣe ìtumọ̀ náà. Èmi àti òun fi ọjọ́ mẹ́rin yẹ̀ ẹ́ wò. N kò ní fi ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó mọ́ ni. Ó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, oníbàárà ní gbogbo ojú ìwé náà kún fún àpótí kéékèèké níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, àti pé òun fi ìtumọ̀ náà sínú ẹ̀rọ kan tí ó ń dá Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó sì jáde kò jọ ohun tí òun kọ. Nítorí náà iṣẹ́ bàjẹ́, kí wọ́n dá owó òun padà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá mọ àwọn àpótí wọ̀nyí dáadáa: bí irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ń kà á ń lò kò bá lè gbé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ papọ̀, àpótí ni yóò fi dípò rẹ̀. Àìsàn ojú ẹni tí ó ń wò ó ni. Ọmọ náà ṣe àlàyé yìí, ó tún fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ bí àwòrán kí ẹnikẹ́ni lè rí i. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kà. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ alárinà yàn láti dá ẹjọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì wá ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ó dá owó padà fún oníbàárà.

Mo kọ ìwé sí wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo sì to gbogbo oyè mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí n kì í ṣe. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn: àwọn kì í gba ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí nínú àdéhùn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọmọ náà tún wá, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ìtumọ̀ wa ni mo rí níbẹ̀, gbólóhùn sí gbólóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti họ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, ti orí àti ti ìsàlẹ̀. Níbi tí a ti kọ “Ẹ fọ ọwọ́ yín,” ohun tí ó wà níbẹ̀ ni “E fo owo yin.” Ọwọ́ ti di owó. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí ó yàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe àti iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa ń ṣe fún ara wọn. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe lóko ẹlòmíràn. Bí a bá pe ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ọpẹ́ ni olóko yóò fi san án. Bí ó bá jẹ́ aáro, iṣẹ́ ni a ó fi san iṣẹ́, lónìí lóko mi, lọ́la lóko rẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbàṣe, owó ni. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ ara rẹ̀: a gbà á, a ṣe é. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń túmọ̀ èdè, tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n ń tún ohùn àti fídíò ṣe fún àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì, alágbàṣe ni wọ́n, n kò sì rí ìdí tí a ó fi wá orúkọ mìíràn kiri. Ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó ń lò fún wọn, jagunjagun tí ó ń fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ jà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sanwó ni ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Tiwa tuni lára jù ú lọ.

Ní oko Awo nígbà èwe mi, igba ebè ni a fi ń wọn iṣẹ́ alágbàṣe. Kí ọkọ́ tó kanlẹ̀, olóko àti alágbàṣe ti jọ dúró lórí ilẹ̀ náà, wọ́n ti wo bí ó ti le sí, wọ́n sì ti fẹnu kò lórí iye tí igba kan yóò jẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọn yóò jọ rìn ín, wọn yóò sì kà á. Olóko lè ní ebè yìí kò ga tó. Alágbàṣe lè ní òkúta wà nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ebè ń jẹ́. Bí wọn kò bá sì gbọ́ ara wọn yé, ẹni kẹta tí wọn yóò ké sí láti oko ìtòsí, àgbẹ̀ ni òun náà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn. Ẹ fi èyí wé ẹjọ́ tí mo rò fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ra ebè kò mọ ebè, ẹni tí ó dá ẹjọ́ ebè kò mọ ebè, ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ka ebè kò tíì kọ́ bí a ti ń ka igba. Alágbàṣe nìkan ni ó mọ iṣẹ́, ẹ̀rí tirẹ̀ nìkan ni kò sì wọlé.

N kò sọ pé gbogbo olóko ayé àtijọ́ ni ó ń sanwó lásìkò. Bí wọ́n bá ń san án ni, èdè wa kì bá tí ní ọ̀rọ̀ tí ó ní fún gbígba gbèsè. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó parí ní ọdún 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ nípa ológò, ẹni tí ìlú fún ní àṣẹ láti lọ dógò ti onígbèsè. Yóò wọ ilé onígbèsè, yóò fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, yóò máa fi ẹnu burúkú da gbogbo agbo ilé láàmú títí wọn yóò fi san owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà: òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gba owó mi. Ìwà tí kò dára ni àwọn kan pè é, àwa ọmọ Ọ̀ṣun sì máa ń fi í ṣe àwọn ará Iléṣà ní yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó mú un ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn kan wà tí a lè lóṣòó sí, àwọn aládùúgbò sì ń kọjá. Ìtìjú ni ó ń san gbèsè náà.

Ọmọ agbolé wa kò mọ ìlú tí oníbàárà rẹ̀ wà. Orúkọ kúkúrú kan àti àwòrán òdòdó ni ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ alárinà ni wọ́n sọ pé àwọn dípò ilẹ̀kùn yìí, kò sì yẹ kí a sọ pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Fiverr, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ní ọdún 2010, máa ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí alágbàṣe bá fi iṣẹ́ jíṣẹ́ tí oníbàárà kò sì sọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó kà á sí pé ó ti gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ alágbàṣe yóò tún dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí owó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Upwork, tí ó jẹ́ ọmọ Elance àti oDesk tí wọ́n parapọ̀ ní ọdún 2013 tí wọ́n sì sọ ní orúkọ yìí ní ọdún 2015, ní ètò tirẹ̀: fún iṣẹ́ tí a fi wákàtí kà, ẹ̀rọ a máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín wákàtí kan kí ẹ̀rí lè wà. Bí kì í bá ṣe ti àwọn alárinà wọ̀nyí, ọmọ tí ó jókòó ní Awo kò ní rí oníbàárà rárá, èyí tí ó bá sì rí lè gba iṣẹ́ lọ láìsan kọ́bọ̀.

Ibi tí ó ti ń dun ni pé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni àpò owó wà, òun náà ni ó ń ṣe òfin, òun náà ni ó ń dá ẹjọ́, òun náà ni ó sì ń gba owó ọ̀yà lórí iṣẹ́ náà. Iye tí Upwork ń yọ ti yí padà lọ́dún 2016, ó yí padà lọ́dún 2023, ó tún yí padà lọ́dún 2025. Kò sí alágbàṣe tí wọ́n pè sí ìpàdé náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tí ẹjọ́ Upwork kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ síwájú àwọn onílàjà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ san 291 dọ́là. Ta ni yóò san 291 dọ́là láti gba 96?

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Oníbàárà a máa fún alágbàṣe ní ìràwọ̀ láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún, gbogbo ayé ni yóò sì rí i. Ẹni tí ó bá gba ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ mìíràn lè má tètè yọjú. Mo bi àwọn ọ̀dọ́ Awo àti Ẹdẹ tí mo bá sọ̀rọ̀ pé kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, “Bàbá, a máa ń jẹ́ kó máa kó owó rẹ̀ lọ. Owó kan ṣoṣo ni yẹn, orúkọ la fi ń jẹun.” Nípa báyìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà owó ni kì í dé etí ẹnikẹ́ni rárá, nítorí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni ó ń tọrọ àforíjì.

Bí owó bá tilẹ̀ ti jáde lọ́wọ́ alárinà, ọ̀nà rẹ̀ sí Nàìjíríà kì í tẹ́jú. Nígbà tí PayPal wọ ilẹ̀ wa ní oṣù kẹfà ọdún 2014, sísan owó jáde ni wọ́n gbà wá láàyè láti ṣe. A kò lè gba owó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. A lè rà lọ́wọ́ ayé, ayé kò lè rà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa gba ọ̀nà Payoneer, wọ́n gba káàdì rẹ̀. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2020, Wirecard, ilé-iṣẹ́ owó kan ní Jámánì, wó lulẹ̀ nítorí pé wọ́n wá bílíọ̀nù 1.9 yúrò nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ tì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni àwọn aláṣẹ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ẹ̀ka tí ó wà lọ́dọ̀ wọn pa, ẹ̀ka náà ni ó sì ń tẹ káàdì fún Payoneer. Títí di ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù náà, alágbàṣe tí kò gbọ́ orúkọ Wirecard rí kò lè fi káàdì rẹ̀ ra búrẹ́dì. Owó náà padà jáde. Àwọn tí ó ń wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò sì mọ̀ pé yóò padà jáde.

N óò jẹ́ òpùrọ́ bí mo bá dúró síbí tí n kò mẹ́nu kan ẹ̀bi tiwa. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ń ra orúkọ ẹlòmíràn lò, wọ́n á ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn wà. Àwọn kan ń gba iṣẹ́ tí wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é, wọ́n á sì gba owó ènìyàn. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu òótọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Ọmọ tí ó fi òru mẹ́sàn-án túmọ̀ ìwé ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dé iwájú onídàájọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

Òfin ńkọ́? Ní ìlú New York, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 pé iṣẹ́ àgbàṣe tí ó bá tó 800 dọ́là gbọ́dọ̀ ní àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, pé bí àdéhùn kò bá dá ọjọ́, kí a san owó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àti pé ẹni tí ó bá jẹ gbèsè lè san án ní ìlọ́po méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, irú òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ New York. Òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n 120 dọ́là kò dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí a mú ohun tí kọ̀ǹpútà kọ wá síwájú adájọ́, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti dá kóòtù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti ọdún 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tí wọ́n ní kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Irú kóòtù bẹ́ẹ̀ wúlò fún gbèsè tí ó wà láàárín alágbàṣe Ọ̀ṣogbo àti oníbàárà Ìkẹjà. Fún ti ọmọ wa, akọ̀wé kóòtù yóò kọ́kọ́ béèrè ilé tí wọn yóò gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ. A tún ti padà sí ẹnu ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí lè ṣe, òun ni mo sì bá wá. Kí ẹ yan olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí orúkọ wọn yóò wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí alágbàṣe àti oníbàárà jọ gbà pé bí ìjà bá dé lórí iṣẹ́ Yorùbá, ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni yóò kà á. Ìwé tèmi pẹ́ jù. Iṣẹ́ ti parí kí n tó kọ ọ́. Ẹ̀rí tí ó bá wà nínú àdéhùn ṣòro láti tì síta. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín yóò béèrè ta ni yóò san owó olùkọ́ náà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Èmi yóò kà á lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, kí a fi wo bí yóò ti rí.

Ọmọ náà kò dúró dè wá. Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó dáadáa láti fi dá ẹ̀súsú tí ó kù. Òun fúnra rẹ̀ kì í gba 4,000 ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ọ̀rìn ọ̀rọ̀ márùn-ún márùn-ún, ìyẹn 400 ọ̀rọ̀, ni ó ń kó sílẹ̀, yóò gba owó rẹ̀ kí ó tó ṣe òmíràn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ń fi ìlà kan ránṣẹ́ tí gbogbo àmì wa wà nínú rẹ̀, yóò béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó rí àpótí kankan, yóò sì fi ìdáhùn náà pamọ́. Ẹnìkan dá a lóhùn ní oṣù tó kọjá pé òun rí àpótí méje. Wọ́n yí irú lẹ́tà padà, àpótí lọ, ó sì sanwó.

“E fo owo yin” ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Mo ní kí ó pa á rẹ́ kí ó má baà máa bà á nínú jẹ́. Ó ní, “Rárá o, Bàbá Tíṣà. Mo lè tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá rí adájọ́ tó gbọ́ Yorùbá.”